Honda C70 màmá ti wà nílẹ̀ láti 2004, ṣé ó ṣì lè gbéra?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Honda C70 ni wọ́n ń gùn lọ gbẹ̀bí láwọn abúlé tó yí wa ká. Láti 2004 ló ti wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù. Mo fẹ́ jí i dìde fún wọn. Kíìkì ẹ̀ ò lọ rárá, ó le gbagidi. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, pé kí n ra ẹ́ńjìnnì Ṣáínà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní bátìrì ló kú. Bàbá kan wá ní kí n po ọ́ìlì mọ́ epo, kí n fagbára kíìkì ẹ̀, pé ó máa gbọ́. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò, bá mi kí màmá. Kí n tó sọ ohunkóhun, jọ̀ọ́, má fẹsẹ̀ kan kíìkì yẹn mọ́. Ogún ọdún tó ti wà nílẹ̀ ò pa ẹ́ńjìnnì yẹn, ìkánjú ìdajì wákàtí lè pa á. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé mo ti ṣe é rí. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn, ọ̀gá mi rìnrìn àjò, tíṣà kan gbé C70 tó ti wà nílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́fà wá, kíìkì ẹ̀ le bíi tìẹ yìí gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí ọ̀gá dé bá a níbi tó ti ń dún. Ni mo bá gun orí kíìkì, mo fò lé e lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹta ó lọ lóòótọ́, ó dún "kà!", inú mi dùn. Ìgbà tá a tú u, ríìnì, òrùka irin tó yí písítìn ká, ti kán sínú ẹ̀, ó ti ha ara sílíńdà, ilé tí písítìn ti ń lọ tó ń bọ̀, látòkè délẹ̀, téèyàn bá fi èékánná gba ojú ibẹ̀ kọjá, èékánná ń há. Máṣíìnì tí ì bá fi ọ́ìlì ife kan àti sùúrù ọjọ́ mẹ́rin jáde, a ní láti gbé sílíńdà ẹ̀ lọ ríbọ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ kó lè dán, ká ra písítìn tuntun, tíṣà yẹn ló sanwó ẹ̀, mi ò sì tíì gbàgbé ojú tí wọ́n fi wò mí.

Ní ti ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀kì yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Ìró la fi ń mọ ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì, bẹ́árìn kọ́ńrọ́ọ̀dù, apá irin tó gbé písítìn dání, á ti jẹ, á máa dún kọ-kọ-kọ nínú lọ́hùn-ún bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ò tíì yí látọdún 2004, báwo lèèyàn ṣe gbọ́ nọ́ọ̀kì ẹ̀? Bi màmá léèrè bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gùn ún kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní ó gbé àwọn wálé dáadáa, àwọn kàn pa á síbẹ̀ ni, a jẹ́ pé ìpata ló dì í mú, ìpata sì nìyẹn, ó lóògùn. Tí wọ́n bá ní ó ti ń dún gbọnwọn-gbọnwọn kí wọ́n tó gbé e jókòó, ìyẹn tún yàtọ̀, ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn lè jóòótọ́ nìyẹn.

Bátìrì ńkọ́? C70 ayé ìgbà yẹn, oní fólítì mẹ́fà tó ní kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó ń ṣí kí plọ́ọ̀gì lè ṣáná, kì í fi bátìrì ṣáná. Kọ́ìlì kan wà lẹ́yìn fuláwíìlì, irin roboto tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kọ́ìlì yẹn ló ń ṣe iná plọ́ọ̀gì fúnra ẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí. Họ́ọ̀nù àti tráfíkétọ̀ ni bátìrì wà fún. O lè yọ bátìrì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí máṣíìnì yẹn sì dún, torí náà má tíì náwó síbẹ̀. Bàbá tó ní kó o po ọ́ìlì mọ́ epo náà ò parọ́, máṣíìnì tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ. Suzuki A100 àti Yamaha V80 tó pọ̀ nígboro nígbà náà, tú sítúróòkù ni wọ́n, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá epo wọn jó, ẹ rántí èéfín aláwọ̀ búlúù tó máa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. C70 ti màmá, fọ́ọ̀ sítúróòkù ni. Ọ́ìlì ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, epo ẹ̀ wà nínú tánkì, wọn ò gbọdọ̀ pàdé. Tó o bá pò ó, plọ́ọ̀gì á kàn máa dúdú, á máa kú lójú ọ̀nà.

Jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó dì í mú, tó o bá mọ̀ ọ́n, ìwọ fúnra ẹ lá mọ ohun tó yẹ kó o ṣe. Irin ni sílíńdà, irin ni ríìnì. Nígbà tí máṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, ọ́ìlì yẹn á ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí písítìn bá sì dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, fáàfù kan, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún atẹ́gùn àti èéfín, lè ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn òjò á máa gba ẹnu sàléńsà wọlé, ọ̀rinrin òjò ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, òjò òmíì, ríìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún mọ́ ara sílíńdà. Ohun tín-ínrín báyìí ló ń di gbogbo ẹ́ńjìnnì mú. O ò nílò agbára láti tú u, nǹkan tó máa wọ ibi tín-ínrín yẹn lo nílò, pẹ̀lú àkókò.

Bá a ṣe máa ń ṣe é rèé. Tú plọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n nu gbogbo àyíká ẹ̀ kó o tó tú u kí iyanrìn má bọ́ sínú. Tó bá le, da dísẹ́ẹ̀lì sí i lẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, ihò ẹ̀ kéré, mílímítà mẹ́wàá péré ni, aluminíọ̀mù sì lorí ẹ́ńjìnnì yẹn, tó o bá fipá fà á, á fa ojú ẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà wá gíà ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí mọ́tò otomátíìkì, tí ò bá sí, po ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì pọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì, ìdajì sí ìdajì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe lèyí tó kàn: sílíńdà C70 ò dúró ṣánṣán bíi ti Bajaj, ńṣe ló sùn, ó kọjú síwájú sápá táyà. Tó o bá da ọ́ìlì sí i bó ṣe dúró yẹn, ìsàlẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì máa wà, apá òkè ríìnì á gbẹ, wàá dúró oṣù kan, kò ní tú, wàá ní irọ́ ni mo pa. O ní láti gbé iwájú ẹ̀ sókè. Yọ bátìrì kí ásíìdì má dà, gbẹ epo inú tánkì tán, kí ìwọ àti ẹnì kan gbé táyà iwájú sókè kó kọjú sọ́run, ẹ fi okùn so hándù ẹ̀ mọ́ igi máńgòrò tàbí òpó ilé, kó dúró lórí táyà ẹ̀yìn bí ẹṣin tó ń bínú. Báyìí ni orí ẹ́ńjìnnì á wà lókè, ọ́ìlì á sì jókòó sórí písítìn yí ká. Da bí ìdajì ife tíì kan sí i, fi aṣọ mímọ́ bo ihò ẹ̀, kó o fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lójoojúmọ́, tú kọ́bà apá òsì, wàá rí fuláwíìlì, dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, gbìyànjú láti mi í síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ lásán o, má lo òòlù, má fi páìpù gígùn bọ sìpánà. Tí ò bá mì, da ọ́ìlì sí i, ó di ọ̀la. Ọjọ́ tó máa tú, kò ní pariwo. Wàá kàn rí i pé fuláwíìlì yẹn súnmọ́ ọ bí ìwọ̀n ìrẹsì kan, ó tún padà. Má fò sókè torí inú dídùn o, ibẹ̀ gan-an la ti ń ba nǹkan jẹ́. Mi í síwá sẹ́yìn, kó máa gba àyè díẹ̀ sí i, da ọ́ìlì míì sí i, títí tó fi máa yí odindi. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó gbé e sọ̀kalẹ̀.

Kó o tó ronú epo, tú ọ́ìlì àtijọ́ dà nù, dísẹ́ẹ̀lì tó o dà sókè ti lọ bá a nísàlẹ̀. Ọ́ìlì tó máa gbà ò pé lítà kan. Tó o bá ráyè, tú kọ́bà apá ọ̀tún pẹ̀lú, asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sẹ́ ọ́ìlì, tí wọn kì í sábà fọ̀, mo ti rí èyí tí ìdọ̀tí dí pátápátá bí ẹ̀kọ tó sùn. Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́bà yẹn máa ya, má dààmú, o lè gé òmíì fúnra ẹ. Bẹ́bà gásíkẹ́ẹ̀tì ò wọ́n, tẹ́ ẹ sórí kọ́bà, fi orí òòlù kékeré máa kàn án jẹ́jẹ́ léteetí, etí irin náà ló máa gé e fún ẹ. Páálí líle náà máa ń gbà á tó o bá rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì mọ́jú. Kọ́bà nìkan ni mo sọ o. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí sílíńdà, ra ti gidi, páálí ò lè gba iná níbẹ̀.

Ó kan iná plọ́ọ̀gì. Nínú gbogbo C70 tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí mo ti fọwọ́ kàn, kọ́ńtáàtì ló máa ń kọ́kọ́ kọṣẹ́, ojú ẹ̀ á ti ṣe funfun bí iyọ̀. Fuláwíìlì náà ní ojú fèrèsé, yí i títí fèrèsé fi máa bọ́ sójú kọ́ńtáàtì, fi sáńpépà tó kúnná jù nù ún díẹ̀, kó o wá fi bẹ́bà mímọ́ tó o ti bọ epo fà láàárín ẹ̀ títí bẹ́bà fi máa jáde ní funfun. Àlàfo ẹ̀ tó bá ṣí dé òpin jẹ́ 0.3 sí 0.4 mílímítà. Réṣà olójú méjì tá a fi ń fá irùngbọ̀n, nípọn ẹ̀ tó 0.1, nítorí náà to réṣà mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ó ti tó. Ṣùgbọ́n má lo réṣà yẹn fún fáàfù, mo bẹ̀ ẹ́. Àlàfo fáàfù C70 jẹ́ 0.05, tí réṣà kan bá gba ibẹ̀ kọjá, ó ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po méjì, wàá máa gbọ́ tíkí-tíkí, agbára ẹ̀ á sì dín kù. Lọ ra gééjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, tàbí kó o yá a lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ra plọ́ọ̀gì tuntun pẹ̀lú, C7HSA lo máa béèrè. Fi ara ẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì lábẹ́ òjìji, jìnnà sí epo, kó o kíìkì: iná búlúù tó dún ta-ta ló dáa, tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kọndẹ́ńsà, ẹ̀yà iná kékeré tó ń bá kọ́ńtáàtì ṣiṣẹ́, ni kó o lọ wò.

Epo ńkọ́? Èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ láti 2004 ti gbẹ di nǹkan pupa bí oje igi, ó ń rùn bí fáníìṣì. Tú u sínú abọ́, rẹ ẹ́ sínú epo tuntun mọ́jú. Ihò jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ibi tí epo ń gbà kọjá, tíntìntín ni, má fi abẹ́rẹ́ gún un, abẹ́rẹ́ á fẹ ihò náà lójú, máṣíìnì á di ọ̀mùtí epo. Já wáyà iná kékeré, fa ẹyọ okùn bàbà kan nínú ẹ̀, ìyẹn rọ̀ ju jẹ́ẹ̀tì lọ, kò lè ṣe é ní nǹkan. Rọ́bà etí kábúrétọ̀ yẹn, má gé e lára tíyúùbù táyà, epo máa ń wú tíyúùbù, láàárín ọjọ́ méjì á ti fẹ̀ jáde. Yẹ inú ilé atẹ́gùn wò, eku fẹ́ràn ibẹ̀, kó o sì tọ ẹnu sàléńsà pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn kòkòrò tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé máa ń dí i pa, mo ti rí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan wá iná tó pé, tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló dí i lẹ́nu. Tánkì tó ti dógùn-ún, da òkúta wẹ́wẹ́ tó mú lẹ́nu sí i pẹ̀lú kẹrosíìnì, mì í títí apá á fi ro ẹ́, dà á nù, tún un ṣe. Ìyẹn lè gba odindi ọjọ́ kan. Torí náà, fún ìdánwò àkọ́kọ́, má dúró de tánkì: gba ike dírípù tó ṣófo àti ọ̀nà ẹ̀, màmá á mọ ibi tó ti máa rí, da epo díẹ̀ sí i, gbé e kọ́ sókè lápá tó jìnnà sí sàléńsà, kó máa sun sínú kábúrétọ̀. Ti ìdánwò lásán nìyẹn o, ọ̀nà dírípù máa ń le gan tí epo bá pẹ́ nínú ẹ̀. Tánkì tó ń jò náà ńkọ́? A máa ń fi ọṣẹ pa á lójú ọ̀nà ká lè délé, ó ń mú un lóòótọ́, àmọ́ tánkì C70 wà lábẹ́ ìdí ẹni tó ń gùn ún. Má fi ọṣẹ sun ọjọ́ kejì. Má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi iná kàn án láì tíì fọ epo inú ẹ̀ kúrò pátápátá, òórùn epo tó kù nínú tánkì tó ṣófo nìkan tó láti bú gbàmù, ó burú ju tánkì tó kún lọ.

Ibi tí mi ò ti ní gba àbùlẹ̀ kankan ni bíréèkì àti táyà. Táyà ogún ọdún, ì báà ṣe kó ní eyín bíi tuntun, rọ́bà ẹ̀ ti kú, wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wàá rí ojú tó là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Pààrọ̀ méjèèjì pẹ̀lú tíyúùbù, sáìsì 17 ni, ó wà káàkiri. Ṣúù bíréèkì àti kébù náà, tuntun. Ọgbọ́n orí tó bá kùnà nídìí ẹ́ńjìnnì á dá ẹ dúró lójú ọ̀nà, tó bá kùnà nídìí bíréèkì, mi ò fẹ́ sọ ọ́ jáde. Tí owó bá kéré, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ ná an sí, kí ọ̀dà ara ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tí wọ́n ní kó o rà, mi ò ní bú u. Òótọ́ ni pé ó máa ń wọ ibẹ̀, boòtù méjì ló di ẹ́ńjìnnì C70 mú, àwọn ará Ṣáínà sì ṣe tiwọn tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ gbéròó, máa rà á, á rọrùn fún ẹ. Ṣùgbọ́n fólítì 12 ni iná ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, wàá tún gbogbo wáyà ṣe. Sísí 110 ni èyí tí wọ́n sábà ń tà, bíréèkì C70 sì jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì sísí 72, agbára á ju ìdúró lọ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà ò ní bá ìwé mu mọ́, wàá lọ tún un ṣe kí ọlọ́pàá má fi dá ẹ dúró. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni pé ẹ́ńjìnnì tó gbé màmá lọ gbẹ̀bí lóru wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìdílé máṣíìnì yìí ni Honda bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958, C70 fúnra ẹ̀ jáde ní 1969, nígbà tó fi máa di 2017 wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìdílé náà, torí náà ríìnì, písítìn, gásíkẹ́ẹ̀tì, kò tíì di ohun àwátì. Lọ sí Arárọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tó wà ní Gate, n'Ìbàdàn, mú èyí tó bàjẹ́ dání, gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó o tó sanwó. Ẹnì kan ti ta kọ́ńtáàtì ayédèrú fún mi rí nínú páálí tó dáa, ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò.

Ohun tí mi ò lè bá ẹ mọ̀ látibí náà wà. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí fuláwíìlì ò mì rárá, ó di dandan ká tú orí ẹ́ńjìnnì, sílíńdà lè nílò ríbọ̀, písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀ wà fún un. Bẹ́árìn inú lọ́hùn-ún, ọjọ́ tó bá dún la máa mọ bó ṣe wà. Nígbà tó bá sì dún, á rú èéfín funfun bí ẹni ń dáná igi tútù, ọ́ìlì tó o dà sókè ló ń jó, má pa á nítorí ẹ̀, jẹ́ kó dún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣe é níta gbangba. Tí èéfín búlúù bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ríìnì ti lọ. Tó o bá gbọ́ kọ-kọ-kọ, pa á lójú ẹsẹ̀. Tú ọ́ìlì yẹn dà nù lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, da òmíì sí i.

Ní báyìí, plọ́ọ̀gì nìkan ni kó o tú. Ya ẹnu ẹ̀ ní fọ́tò, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà kó o wo bí orí písítìn ṣe rí, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Kó o bá mi bi màmá bó ṣe ń dún lọ́jọ́ tí wọ́n gùn ún kẹ́yìn.